Àwọn èèyàn ńlá wo ni ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde, olú-ìlú Ìjẹ̀bú?

Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ wọ́n tó, ó sì ń dùn mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí wọn sí ní 1930. Wọ́n ṣe kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọrọ̀-ajé láyé Gowon. Wọ́n wà lára àwọn tó sáré sókè sódò títí ECOWAS, àjọ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi dúró ní 1975. Ọdún yẹn náà ni wọ́n di olórí àjọ tó ń mójú tó ọrọ̀-ajé Áfíríkà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1991.

Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá ńkọ́? Nígbà ayé wọn, àwọn ni Ọ̀gbẹ́ni-Ọjà Ìjẹ̀bú, oyè ńlá kan nílẹ̀ wa, wọ́n sì jẹ́ onílé-iṣẹ́ táyà. Bàbá àgbà mi kì í fi táyà mìíràn sí kẹ̀kẹ́ wọn. Àwọn ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ńlá Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n dá sílẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ wọn nínú ìlú títí dòní.

Ọ̀túnba Sùbòmí Balógun, tí wọ́n bí ní 1934, ló dá báǹkì FCMB sílẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ọmọdé sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fà á lé UCH Ìbàdàn lọ́wọ́.

Ẹ má ka Awólọ́wọ̀ mọ́ wọn o: Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni tiwọn. Hubert Ogunde náà, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà ni, ìtòsí Òde níbí.