Kí Ẹ Tó Pè É Ní Oògùn Sepsis

Àbúrò mi, o ní purotéènì tí ẹ ṣe ní láàbù yín láti máa di oró mú gba gbogbo eku tí ẹ fún ní oró bakitéríà Staphylococcus là, o sì ń bi wá pé kí ló dé tí ọ̀gá rẹ kò jẹ́ kí o kọ ọ́ pé ẹ ti rí oògùn sepsis, ìyẹn ìgbà tí ara ń bá kòkòrò àrùn jà débi tó fi ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Èmi fara mọ́ ọ̀gá rẹ. Irú purotéènì yìí ni mo ti ń ṣe tipẹ́, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ìgbà wo ni ẹ fún eku náà? Bó bá jẹ́ pé ẹ ti pò ó mọ́ oró kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, ẹ ti fi hàn pé ó ń di oró mú ṣinṣin. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àmọ́ aláìsàn kì í dúró dè wá bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, oró ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè ti já wálẹ̀, kí kíndìnrín sì ti máa daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1890 ni Emil von Behring àti Shibasaburo Kitasato fi hàn pé omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí oró ti mọ́ lára lè gba ẹran mìíràn là. Ibẹ̀ ni a ti rí ẹ̀pa dìfitẹ́ríà, àìsàn ọ̀fun tí oró bakitéríà ń fà. Títí di òní, dókítà tó bá fura sí dìfitẹ́ríà kì í dúró de èsì láàbù kó tó fún aláìsàn ní ẹ̀pa náà, torí oró tó bá ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀pa kò lè bá a débẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ló já wa kulẹ̀ jù: kí á fi oró sílẹ̀, kí á wá máa pẹ̀tù sí ara aláìsàn tó ń jà ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1996 ni àbájáde ìdánwò kan jáde lórí purotéènì tó ń di TNF mú (TNF ni ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde láti pe ara síjà), aláìsàn 141 ló kópa. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tí kò gba ojúlówó oògùn; nínú àwọn tó gba ìwọ̀n tó ga jù, ìdá 53 ló kú. Xigris ti ilé-iṣẹ́ Eli Lilly tún tẹ̀ lé e, ìyẹn activated protein C, purotéènì ara tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọ́n ṣe ní láàbù. Nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 2001, pẹ̀lú aláìsàn 1,690, ikú dín kù láti ìdá 30.8 sí 24.7, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdá 26.4 ló kú nínú àwọn tó gbà á, 24.2 nínú àwọn tí kò gbà á. Ní oṣù kẹwàá 2011 wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń fún àwọn èèyàn! Àìsàn tí wọ́n ṣírò pé ó wà nídìí ikú mílíọ̀nù 11 ní 2017 kì í ṣe ohun tí a ń fẹnu lásán pe oògùn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti ọ̀nà tìrẹ, ti dídi oró mú. Oró Staphylococcus bíi TSST-1 àti SEB máa ń so sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, mọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn tipátipá láti ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì T tó ń jí lẹ́ẹ̀kan náà lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ David Kranz ní Yunifásítì Illinois mú ègé sẹ́ẹ̀lì T tí oró ń dì mọ́ yẹn, wọ́n gbé e sí ara ìwúkàrà, wọ́n ń yí i padà, wọ́n ń ṣa àwọn tó di oró mú jù, títí wọ́n fi rí èyí tí kì í fẹ́ tú u sílẹ̀. Ní 2007 wọ́n kọ ọ́ pé ó dáàbò bo ehoro lọ́wọ́ SEB. Ehoro ni o, torí ara eku kì í gbọ́ oró wọ̀nyí bí ara ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ galactosamine ni ẹ kọ́kọ́ fi sọ ẹ̀dọ̀ eku yín di aláìlera, ẹ sọ ọ́ ketekete. Kí ẹ sì rántí pé irú oró báyìí tí Staphylococcus aureus lè ní lé ní ogún. Èyí tó di SEB mú kò ní wo TSST-1 lójú.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ àwọn ẹni tuntun níyà. Inú bakitéríà E. coli ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe purotéènì, E. coli sì ní endotoxin, oró mìíràn tó máa ń jí sẹ́ẹ̀lì, lára awọ rẹ̀. Bí bíńtín rẹ̀ bá bá purotéènì yín jáde, sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ á máa tú TNF jáde, ẹ ó sì rò pé purotéènì yín ló fà á. Mo máa ń pín purotéènì sí méjì, mo á se ìdajì títí á fi hó, mo á wá da ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí sẹ́ẹ̀lì. Híhó ń ba purotéènì jẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran endotoxin. Bí èyí tí a sè bá ṣì ń jí sẹ́ẹ̀lì, endotoxin ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn náà ni mo máa fi polymyxin B sí i, èyí tó ń de endotoxin, kí n wò ó bóyá TNF á wálẹ̀. Má fi èyí sílẹ̀ di ìparí iṣẹ́, mo ti rí ẹni tí iṣẹ́ ọdún rẹ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ tún ìdánwò yín ṣe. Kí oró ṣáájú, kí purotéènì tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí kan, fún ọ̀wọ́ eku kejì lẹ́yìn wákàtí méjì, fún ẹ̀kẹta lẹ́yìn mẹ́rin. Wákàtí tí ẹ̀pa kò bá ti bóró mọ́, ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lo bakitéríà alààyè, kí gbogbo eku sì gba antibáyótíìkì, torí kò sí dókítà tó máa tọ́jú sepsis bakitéríà láìlò ó. Kí clindamycin wà lára rẹ̀: ó ń dí bakitéríà lọ́wọ́ láti ṣe purotéènì, oró rẹ̀ sì jẹ́ purotéènì. Àwọn dókítà ti ń fi í tọ́jú toxic shock, àìsàn tí irú oró yìí ń fà. Iye eku tí ti yín bá gbà là kọjá èyí tí àwọn oògùn wọ̀nyẹn ti gbà, òun ni kí o gbé lọ bá ọ̀gá rẹ.