Ìgbéyàwó ní erékùṣù: ta ni yóò rí físà gbà?

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìsánlú ni mí, Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Kàbà ni àfẹ́sọ́nà mi, Manchester ló ń gbé. A fẹ́ ṣe ìgbéyàwó wa ní Santorini lóṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, ogún èèyàn péré. Bàbá mi ní àwọn ò tọ́mọ títí kí àwọn wá máa fi fóònù wo ìgbéyàwó rẹ̀. Màmá ọkọ mi ní dandan ni kó jẹ́ ti ìjọ Àgùdà. Ìbátan mi kan tó kàwé ní Cyprus ní òun lè bá wa ṣètò gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Ṣé mo ṣẹ̀ ni? — Ìyàwó Ọ̀la*

Ìyàwó Ọ̀la, òkun o (ìkíni tiwa nìyẹn).

O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, ibi tí o ti dárúkọ ogún èèyàn ni mo dúró sí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ogún èèyàn ò tó àwọn tó máa gúnyán. Èrò lo ń sá fún: aṣọ ẹbí, alága ìjókòó tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kúlà oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó gbé e wọ ọkọ̀. N kò bá ọ wí. Àmọ́ lọ jókòó ti bàbá rẹ, kí o sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ báyìí ni pé ojú ń tì ọ́ láti ṣe ìyàwó nílé wọn.

Ọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n sọ kì í sì ṣe àsọdùn. Gíríìsì ló ni erékùṣù Santorini, Gíríìsì sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó débẹ̀, títí kan àfẹ́sọ́nà rẹ bí pásípọ́ọ̀tù tiwa ló ṣì ń lò. Ìwé ìgbélùú Ìlú Ọba ò lè gbà á wọlé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó físà àgbàlagbà, bí wọ́n bá sì kọ̀, owó ọ̀hún ti wọgbó nìyẹn. Wọ́n á béèrè ìwé àkáǹtì, ìwé iṣẹ́ tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì, ibi tí ẹ máa sùn, àti adójútòfò ìrìn-àjò tó lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Èsì lè dé ní ọjọ́ 15, ó sì lè fà dé 45. Ẹni tí kò bá tíì tẹ̀ka fún irú físà yìí rí gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé bàbá rẹ yóò gba Kàbà àti Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá. Ìwọ náà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí.

Wò ó, ẹni tí wọ́n sábà ń kọ̀ ní físà ni ẹni tí kò rin ìrìn-àjò òkè òkun rí, tí owó kì í wọ àkáǹtì rẹ̀ déédéé. Nínú ogún tí o kà yẹn, ta nìyẹn? Àwọn ọ̀rẹ́ yín ti Manchester á débẹ̀. Àwọn tó tọ́ ọ dàgbà ló ṣeé ṣe kí wọ́n má dé.

Santorini fúnra rẹ̀ rẹwà ní fọ́tò, mi ò jiyàn. Òkè oníná tó bú nígbà láéláé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: bèbè gíga fíofío ni àwọn ilé funfun yẹn wà, àtẹ̀gùn sì pọ̀ káàkiri. Láti èbúté àtijọ́ dé ìlú Fira nìkan, àtẹ̀gùn ọ̀hún tó nǹkan bí 600. Ṣé orúnkún àwọn ìyá yín gbà á? Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilẹ̀ mì lemọ́lemọ́ níbẹ̀ débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kó kúrò ní erékùṣù náà fúngbà díẹ̀. Oṣù kẹjọ tí ẹ tún mú, ìgbà yẹn ni òtẹ́ẹ̀lì máa ń wọ́n jù lọ. Oòrùn wọn kò lè ba ọmọ Kogí lẹ́rù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní meltemi, láti àríwá ló ti ń fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Gèlè màmá ọkọ rẹ kò ní í dúró! Oṣù karùn-ún tàbí ìparí oṣù kẹsàn-án sàn jù.

Ìbátan rẹ tó kàwé ní Cyprus ńkọ́? Apá wo ló ń sọ? Láti ọdún 1974 ni erékùṣù náà ti pín sí méjì. Apá gúúsù wà nínú European Union, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Apá àríwá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kàwé, Tọ́kì nìkan ló kà á sí orílẹ̀-èdè. Pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú tó ń dárúkọ yẹn, mo fura pé àríwá ni. Má gba ìwé ìgbéyàwó níbẹ̀ o. Ìwé yẹn ni o máa fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò lọ bá ọkọ rẹ, má sì lo èyí tí òṣìṣẹ́ físà á máa yẹ̀ wò tìfura-tìfura.

Ọ̀rọ̀ màmá ọkọ rẹ ló mú mi ronú kan Malta, erékùṣù mìíràn ní Yúróòpù. Ìjọ Àgùdà kì í so tọkọtaya pọ̀ létí òkun àfi bí bíṣọ́ọ̀bù bá yọ̀ǹda. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Malta kún fún ṣọ́ọ̀ṣì, Àgùdà ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára èdè ìjọba wọn. Físà Schengen náà ni, ìyẹn ò yí padà. Fáda páríìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́kọ́ja. Bí ìwọ kì í bá ṣe Àgùdà, wọ́n á tún gba àyè ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Malta yìí náà ni Mẹ́líta inú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 28, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti dáná fún Pọ́ọ̀lù nígbà tí ọkọ̀ wọn fọ́. Bí bàbá rẹ bá jẹ́ ará ìjọ ECWA, wọ́n á ti ṣí i kí o tó sọ̀rọ̀ tán.

Bí èmi bá ni, ìdána ní Ìsánlú ni màá kọ́kọ́ ṣe, nílé bàbá rẹ, láìyọ ẹbí kankan sílẹ̀. Kí ìyá àti bàbá rẹ gbàdúrà lé ọ lórí, kí wọ́n fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kóòtù níhìn-ín: wọ́n á kéde fún ọjọ́ 21, ẹ ó sì ṣe é kí oṣù mẹ́ta ìkéde náà tó pé. Ìwé yẹn ni ìwé yín. Erékùṣù wá di ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ìgbádùn nìkan, ogún èèyàn náà tó, mẹ́jọ gan-an tó. Bí wọ́n bá kọ bàbá rẹ ní físà, yóò dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ti fi ọ́ fún ọkọ lójú ara wọn.

Má san owó òtẹ́ẹ̀lì tí kò ṣeé gbà padà kí físà àwọn òbí tó jáde. Ìwọ àti ọkọ rẹ ni kí ẹ san owó físà àti tíkẹ́ẹ̀tì wọn ní ìhà méjèèjì, kí bàbá rẹ má bàa ta kajú orí igi lówó ọ̀pọ̀ nítorí ìrìn-àjò tí wọn kò béèrè fún.