Kí ni ẹ̀ta jagunjagun tó kú sí ìdálẹ̀?

Ìbéèrè: Ìyá àgbà wa máa ń sọ pé wọn kò rí ẹ̀ta bàbá wọn tó kú sí ogun Bọ́má mú wálé, pé ìdí nìyẹn tí ẹbí kò fi ṣe ìsìnkú rẹ̀. Kí ni ẹ̀ta? Ṣé fọ́tò rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa lè dúró fún un?

Ìdáhùn: Ẹ̀ta ni irun orí àti èékánná tí wọ́n gé lára ẹni tó kú sí ìdálẹ̀, tí wọ́n sì gbé wálé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè rí ohun sin. Ẹ wo ogun Kírìjì tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì parí pátápátá títí di 1893. Láti agbègbè Ìgbàjọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Ìbàdàn, ọ̀nà ọjọ́ mélòó kan ni fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, òkú kò sì lè dúró dè é. Nítorí náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ olóògbé á fá orí rẹ̀, wọn á gé èékánná rẹ̀, wọn á dì wọ́n sínú aṣọ, kí wọ́n tó sin ara tó kù síbẹ̀. Bí ẹrù kékeré yẹn bá délé, ẹkún á sọ, wọn á gbẹ́ ilẹ̀, wọn á sì sin ín bí ẹni pé odindi òkú ló wà níwájú wọn.

Ara olóògbé gan-an ni irun àti èékánná, wọn kì í sì í tètè jẹrà. Lójú tèmi, ti irun ló jinlẹ̀ jù, nítorí orí tó bá ẹni wá sáyé ni wọ́n ń mú padà sí orírun rẹ̀.

Ní Bọ́má, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń bá àwọn ará Jàpáànù jà nínú igbó Arakan ní 1944 àti 1945, ibi tí ènìyàn bá ṣubú sí ni wọ́n sábà máa ń sin ín sí. Ìròyìn ikú nìkan ló ń dé ilé. Àwọn àgbà a máa tu irú ẹbí bẹ́ẹ̀ nínú pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò lè rọ́pò ẹ̀ta.

Fọ́tò náà kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí kò fìgbà kan jẹ́ ara olóògbé. Fìlà tó ti gba òógùn rẹ̀ sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ bá ní in. Ohun tó lè ṣẹ́kù fún yín ni orúkọ rẹ̀. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní Bọ́má (tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí), wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun bí 27,000 tí a kò mọ ibojì wọn sára òpó ìrántí, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń wá a nínú àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi mọ sí orúkọ ìdílé, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà ni wọ́n fi orúkọ ìlú kọ mọ́ orúkọ àbísọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ kà á sétí ìyá àgbà, kí wọ́n lè ki bàbá wọn.