Èsì: Aṣọ funfun tó ń pọ́n nítorí omi bóhóòlù

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú. Ẹ ní yúnífọ́ọ̀mù funfun àwọn ọmọ túbọ̀ ń pọ́n ni, bí ẹ ṣe ń da ọṣẹ àti bílíìsì sí i tó. Irin tó yòrò sínú omi bóhóòlù ló sábà máa ń fa irú èyí. Omi náà á mọ́ gaara nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, àmọ́ bí atẹ́gùn bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bílíìsì gan-an ló ń mú kí ó yára lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí i mọ́, owó yín ló ń jẹ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfọṣọ, ẹ máa da omi láti garawa kan sí èkejì bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ dé e di àárọ̀. Ẹ rọra bu ti òkè, ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ á ṣeé dà sí ṣáláńgá. Bí òjò bá ń rọ̀, omi òjò ni kí ẹ fi ṣàn án kẹ́yìn.

Fún àbàwọ́n tó ti wà níbẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, kí ẹ sá a sóòrùn fún wákàtí kan, kí ẹ tó ṣàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣan bílíìsì kúrò lára aṣọ pátápátá, torí bí òun àti ọsàn bá pàdé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde léwu fún èémí.