Ta Ló Ni Orin Ọmọ Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin bímọ obìnrin, a ó sì sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ Sátidé nílé wa ní Sábó, Ìkòròdú. Ó ní dandan ni kí àwọn olórin kọ “Isn't She Lovely”. Mo mọ orin náà, àmọ́ èyí tí wọ́n fi fèrè saxophone fun ni mo mọ̀, kò sí ẹni tó ń kọrin nínú rẹ̀. Ọmọ mi ní Stevie Wonder ló ni ín, ọkọ rẹ̀ ní òyìnbó kan ni. Ta ló ni ín gan-an, ta ló sì kọ ọ́ fún?
Ìyá Àgbà, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, mà, ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á dá a sí.

Stevie Wonder ló ni ín. Aisha, ọmọ rẹ̀ tí Yolanda Simmons bí fún un ní 1975, ló kọ ọ́ fún, ó sì wà nínú àwo ńlá tó gbé jáde ní 1976, Songs in the Key of Life. Igbe ọmọ tuntun ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Orúkọ Aisha, tí àwa ń pè ní Àíṣátù níhìn-ín, wà nínú orin náà, bàbá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni harmonica gba iwájú, Stevie fúnra rẹ̀ ló ń fun ún, kò sì fẹ́ dákẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ẹ ó máa gbọ́ ohùn bàbá àti ọmọ níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 6.

Gígùn yẹn ló bí ti òyìnbó tí ọkọ ọmọ yín ń sọ. Wọ́n fẹ́ gbé orin yìí jáde lóun nìkan, àmọ́ Stevie ò gbà kí wọ́n gé e kúrú. Ni David Parton, ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, bá kọ tirẹ̀, ó sì dé ipò 4 láàárín àwọn orin tó ń tà jù lọ́hùn-ún ní 1977. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọmọ kankan nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tún un kọ lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n gbé ohùn orin, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀.

Tiyín yẹn, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ ti Sonny Rollins, nínú àwo rẹ̀ Easy Living, 1977. Èmi tí mo ti fi saxophone jẹun ní Ìkòròdú yìí fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àtúnkọ yòókù lọ. Rollins ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá ẹlòmíì sọ. Fèrè rẹ̀ ń yọ̀ ni, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń bá ọmọ ṣeré lórí ẹní.

Torí náà, ẹ tètè rí àwọn olórin yín kó tó di Sátidé. Ó máa ń dùn mí gan-an lóde ìkómọ kí olórin dúró níwájú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ní Fọlákẹ́, kó máa pe Aisha. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ tiyín síbẹ̀. Níbi tí harmonica ti yẹ kó wọlé, kí wọ́n má wulẹ̀ wá harmonica kiri. Kí gángan gba ibẹ̀, kó máa ki ọmọ. Ẹ ti sọ oríkì rẹ̀ fún onílù ṣáájú, Àbẹ̀kẹ́ ni o, Àjọkẹ́ ni o, kó má baà máa méfò. Kí wọ́n má sì kánjú parí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyá ọmọ ti máa jó.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Stevie Wonder ti wá sí Nàìjíríà rí?
Òǹkàwé kan, Ìgbógbó

ÌDÁHÙN: Ó ti wá. Lóṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwo tí mo dárúkọ lókè yìí gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún, Èkó ló wà. Orí sátẹ́láìtì ni wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀, kò sì já gaara rárá. Aisha náà ti di olórin. Ní 2005, òun àti bàbá rẹ̀ jọ kọ “How Will I Know” nínú àwo A Time to Love. Ẹ wá a gbọ́.