Ìwé-ẹ̀rí wo ló yẹ olùtọ́jú pápá bọ́ọ̀lù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọ́jú pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kubwa, níbí l'Àbújá, ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo sì ka ìwé dé. Nígbà tí ipò ọ̀gá ṣí sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko ni wọ́n fi síbẹ̀, nítorí pé ó ní ìwé-ẹ̀rí. Mo wá rí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń fi ọjọ́ méjì ṣe. Ṣé kí n sanwó rẹ̀?
Olùtọ́jú pápá, Kubwa.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa dán yín wò, nítorí pé ìwé tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá ti sanwó kò ju ẹ̀rí pé ẹ jókòó síbẹ̀ lọ, bó ti wù kí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ máa dán tó. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò dára: Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ń fi ọ̀nà yìí kọ́ni ní ìtọ́jú koríko, àmọ́ dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú pápá ní Amẹ́ríkà, ìyẹn Sports Field Management Association, ní ìdánwò tiwọn, iye ọdún tí èèyàn sì ti fi ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe é.

Lọ́dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ wa níhìn-ín, ND (National Diploma) ni ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n mọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ Horticulture, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọ̀gbìn inú ọgbà, wà ní Dadin Kowa, ní ìpínlẹ̀ Gombe. Ọdún méjì ni ND, ẹ ó sì ṣe JAMB. Ó jìnnà sí Kubwa, mi ò sì ní sọ pé kí ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ ṣàdédé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò ná yín ju owó ìwé kan lọ. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ gé koríko sílẹ̀, bó ṣe ga tó kí ẹ tó gé e àti lẹ́yìn tí ẹ gé e tán, ìwọ̀n ajílẹ̀ àti omi tí ẹ lò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi yìí: pápá tó gùn ní mítà 105, tó fẹ̀ ní mítà 68, bí ẹ bá fẹ́ bu omi tó jìn ní mìlímítà 25 sí i lọ́sẹ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lítà 178,500 ni. Ọkọ̀ omi tó ń gba lítà 10,000 yóò lọ, yóò bọ̀, nígbà méjìdínlógún kó tó pé. Bí ẹ bá gbé ìṣirò yìí síwájú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, yóò mọ ìdí tí pápá fi ń pọ́n bí ilẹ̀ pupa ní oṣù Kejì, kò sì ní máa rò pé ọ̀lẹ ni yín. Bákan náà, ẹ ti ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ilẹ̀ níwájú ilé góòlù. Bí kò bá wọlé, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ló ti tẹ ilẹ̀ náà pa, afẹ́fẹ́ àti omi kò sì lè dé gbòǹgbò mọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà, kí ẹ ya àwòrán ibẹ̀ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀kì oko gún un ní ihò, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan ni kí ẹ fi wáṣẹ́ níbòmíràn, tàbí kí ẹ fi bẹ ilé-ẹ̀kọ́ yín pé kí wọ́n san owó ND fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.