Èsì: Aago Seiko 5 tó ń fi ìṣẹ́jú 3 sáré lójúmọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó aago tuntun. Ẹ ní Seiko 5 yín, èyí tó ní ẹ̀rọ 4R36, ń fi ìṣẹ́jú 3 sáré lójúmọ́, ẹ sì ń béèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá a padà.

Lóòótọ́, ó ti pọ̀ jù. Seiko fúnra wọn sọ pé ẹ̀rọ yẹn lè fi ìṣẹ́jú àáyá 45 sáré tàbí kó fi 35 falẹ̀ lójúmọ́. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀ fíìfíì.

Òòfà ni mo fura sí. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú aago náà tó ká roboto, òun ló ń darí ìṣísẹ̀ rẹ̀. Bí òòfà bá mú un, àwọn ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, bí ẹni gé e kúrú ni, aago á sì máa sáré. Orí sípíkà ni mo gbé tèmi sí mọ́jú lọ́jọ́ kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti fi ìṣẹ́jú méjì ṣíwájú. Ẹ gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń yí tẹ̀ lé aago, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún aago ṣe, kó bá yín yọ òòfà náà. Kì í pẹ́ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ iye tó fi yàtọ̀ sílẹ̀ láràárọ̀. Tí ẹ bá ń sùn, ẹ tẹ́ ẹ kó kọjú sókè; bí a bá ṣe gbé e kalẹ̀ máa ń yí eré rẹ̀ padà.